Àṣẹ Tó Ṣì Dúró

Fóònù olóògbé tún dún lórí àpótí aṣọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Inṣiráà nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ó wá awò ojú rẹ̀ kàn, ó sì ka ọ̀rọ̀ tó yọ lójú fóònù náà: Àṣẹ yín ṣì dúró.

Fikirí ọkọ rẹ̀ ti pé ogójì ọjọ́ nínú ilẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, bí kì í bá ṣe Jímọ̀ tàbí Sátidé tí àwọn ọ́fíìsì kì í ṣí, aago mẹ́wàá kì í lù kí àtẹ̀jíṣẹ́ yìí má wọlé. Kò lè pa fóònù náà. Lójú rẹ̀, bí ẹni tó tún pa ọkọ òun lẹ́ẹ̀kejì ni. Ṣùgbọ́n òkú tó ń pàṣẹ lójoojúmọ́ kì í jẹ́ kí alààyè sùn. Ó wọ bàtà, ó wọ tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, lọ sí àdúgbò Mánṣíyà, níbi tí ọ́fíìsì alágbàtà ìpín ìdókòwò tí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ náà wà lókè ilé àtijọ́ kan.

Wagidi, akọ̀wé ibẹ̀, fa àga fún un. "Ẹ jókòó, Àlájà. Kí Ọlọ́run forí jin Bàbá."

Inṣiráà kò dé Mẹ́kà rí. Gbogbo obìnrin tó bá ti hu ewú ni ará Alẹkisáńdíríà ń pè ní Àlájà, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà máa ń gún un lọ́kàn. Ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, ó bọ́ ẹ̀gbà wúrà mẹ́fà lọ́wọ́, Fikirí sì fi ra ìpín nínú ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan. Bí ìpín náà bá ti gbówó lórí, wọn yóò tà á, wọn yóò jọ lọ sí Mẹ́kà. Ọjà ò gbè wá, ni Fikirí ń sọ lọ́dọọdún. Òun náà a sì bá a bú ọjà.

Ó gbé fóònù síwájú Wagidi. "Ta ló ń fi èyí ránṣẹ́ sí òkú?"

Wagidi kà á, ó mí kanlẹ̀. "Kì í ṣe èèyàn, Àlájà. Ẹ̀rọ ni. Bàbá ní ká ta ìpín yìí bí ẹyọ kan bá dé pọ́n-ùn mẹ́rìndínlógún, ká má tà á ní iye tó dín sí i. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kì í kú, àfi bí ẹnìkan bá fagi lé e."

"Ẹni tó pàṣẹ ti kú."

"Ẹ̀yin ò kú. Lórúkọ yín ni ìpín náà wà. Aṣojú yín ni Bàbá jẹ́."

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Àwọn àṣẹ àtijọ́ tò síbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tà á ní mẹ́fà. Tà á ní mẹ́sàn-án. Tà á ní méjìlá. Tà á ní mẹ́rìndínlógún.

"Kí ló ń yí iye náà padà?"

Wagidi ń fi ìka họ ojú tábìlì. "Bí ọjà bá ti kù díẹ̀ kó dé iye tí Bàbá dá, wọ́n á pè wá, wọ́n á ní ká gbé e sókè."

"Ṣé ọjà dé mẹ́fà rí?"

"Ó kọjá mẹ́fà, Àlájà. Ó kọjá mẹ́sàn-án. Ó dé mẹ́tàlá rí."

"Lónìí ńkọ́?"

"Mẹ́rin àti díẹ̀."

Inṣiráà rántí bí Fikirí ṣe máa ń jáde sí bákónì, tí yóò máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí yóò wọlé, tí yóò ní ẹ̀gbọ́n òun ló pè. Ẹni tó ń wá ìfà ń wá òfò; Inṣiráà fúnra rẹ̀ ti máa ń pa òwe yìí fún àwọn ará àdúgbò. Ọdún méjìlá ló fi bú ọjà, ọjà ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

"Tà á."

"Ní iye mélòó?"

"Iye tí ọjà bá pè é báyìí."

"Kò ní tó owó Mẹ́kà tí Bàbá máa ń sọ o. Bóyá ká ní sùúrù títí di..."

"Ọmọ mi, mo ní kí o tà á."

Wagidi tẹ bọ́tìnì. Kó tó gbọ́wọ́ kúrò, ó ti tán.

"Ta ló rà á?"

"Ọjà kì í dárúkọ. Àmọ́ ẹnìkan níbìkan gbà pé yóò gbówó lórí ni."

Bí Inṣiráà ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Fikirí kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Obìnrin kan ni, nínú ilé kan tí òun kò mọ̀, ní ìlú Tántà tàbí ní ìlú Ásíùtù, tó ń bu tíì fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ náà gbé fóònù sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "A ti rí i rà." Obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín padà.

Inṣiráà di irin àtẹ̀gùn mú. Ó ń wá orúkọ tí òun ìbá fi pe obìnrin náà, kí òun lè kìlọ̀ fún un.