Ẹnì Kẹfà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ilé iṣẹ́ àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ ní kí ọmọbìnrin atukọ̀ kan wá ṣe ìdánwò. Ọjọ́rú ni lẹ́tà tí wọ́n fi pè é tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara.

Ìjọ kan ṣoṣo ni àwọn ará ibẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wọn là sí méjì bí ọwọ́ akàn, òkun wà láàárín. Bí ènìyàn bá sín lápá ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn apá kejì á kí i kú ewu. Àmọ́ kí ó tó fẹsẹ̀ yí àbàtà ká dé ọ̀dọ̀ wọn, ilẹ̀ á ti ṣú. Apá ṣọ́ọ̀ṣì ni lẹ́tà ń dé sí. Ọkọ̀ bàbá ọmọbìnrin náà ló ń gbé e sọdá sí apá kejì tí wọ́n ń gbé.

Bàbá kì í sì í tu ọkọ̀ bí èrò kò bá pé mẹ́fà. Bàbá tó bí bàbá yìí ló fi òfin náà lélẹ̀, pé ọkọ̀ tó bá fúyẹ́, afẹ́fẹ́ á fi gbá bọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni, lọ́jọ́ ìjì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun yìí, omi tòrò bí omi inú àwo. Èrò márùn-ún jókòó sétí omi fún odidi ọjọ́ méjì, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, títí télọ̀ kan fi dé láàárọ̀ Ọjọ́rú láti ṣe ẹnì kẹfà. Kò sí ẹni tó bínú. Ìwà ibẹ̀ nìyẹn: wọ́n lè dúró de ohunkóhun.

Ọdún méjì ni ọmọbìnrin náà fi ya etí òkun yìí sórí ìwé, títí dé iyanrìn tó ń sá pamọ́ sábẹ́ omi. Àwòrán náà ni ilé iṣẹ́ náà rí tí wọ́n fi pè é.

Ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń gbọ́n omi inú ọkọ̀.

“Bàámi, ẹ mọ̀ pé lẹ́tà mi wà lápò yín ní gbogbo ọjọ́ méjì yẹn?”

“Mo mọ̀. Ṣé lẹ́tà wá di èrò ni?”

“Ẹ ò bá kà á mọ́ àwọn èrò márùn-ún yẹn. Wọn ì bá ti pé mẹ́fà.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní sùúrù ni baba ìwà, pé wọ́n á tún pe àwọn mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀, ohun tó jẹ́ tirẹ̀ kò ní kọjá rẹ̀. Láti kékeré ni ọmọbìnrin náà ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti sú u dé góńgó ẹ̀mí. Ó gba igbá lọ́wọ́ bàbá, ó gbọ́n omi tó kù dànù, ó sì dá igbá náà padà fún un tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn.

“Bàámi, lọ́la mo máa tu ọkọ̀ kékeré sọdá, èmi nìkan. Mo máa lọ bẹ àwọn ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe ìdánwò náà. Bí wọ́n gbà, bí wọn ò gbà, mi ò ní padà wá jókòó de ẹnì kẹfà mọ́.”