Ọlọ Ìyá Mi Láàárín Dáyámọ́ńdì Méjì

Ẹ bá mi gbọ́ àlá tí mo lá lóru àná, kí Ọlọ́run jẹ́ kó yọrí sí rere. Mo ru ọlọ tí ìyá mi fi sílẹ̀ kó tó kú, mo ń gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ́fíìsì kan tó léfòó sókè orí Òkè Ìdànrè. Kò yà mí lẹ́nu. Kí n má ṣáà ṣubú ni mo ń rò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dán líle òkúta wò. Èyí tó bá fọ́, wọ́n á dà á sójú títì.

Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Láyọnu, gbé ọlọ mi sínú ẹ̀rọ kan, sáàárín dáyámọ́ńdì méjì tí kò ju hóró ẹ̀gúsí lọ.

Mo ní, "Ẹ̀yin tíntìntín yìí?"

Dáyámọ́ńdì ọ̀tún dáhùn: "Bàbá, ẹ má fojú kéré wa. Irú ohun tó wà nínú èédú náà ni wá. Ilẹ̀ ló tẹ̀ wá, tó tún sè wá, tá a fi le báyìí. Kò sóhun tó ń ha wá lára bí kò ṣe ara wa."

Ọlọ ń gbọ̀n. "Ọmọ mi, ata nìkan ni mo mọ̀ ọ́n lọ̀ o!"

Ni mo bá ń kì í: "Akọ òkúta, ajata-má-sunkún! Wọ́n fi òkúta ṣá ọ lára, o ò ké. Ìgbà tí wọ́n ṣá ọ tán lo tún mú sí i!"

Orí ọlọ wú, ó wú títí ó fi kan àjà.

Dáyámọ́ńdì òsì ní, "Àwa ńkọ́? Látọjọ́ tí wọ́n ti hú wa, ìka ìyàwó ni wọ́n ń fi wá sí. Ẹnikẹ́ni ò kì wá rí."

Mo kì wọ́n. Orí tiwọn náà wú, wọ́n tóbi ju ilẹ̀kùn lọ, omijé sì ń dà lójú wọn.

Láyọnu bínú. "Ta ló rán ọ níṣẹ́ oríkì? Ọlọ tórí ẹ̀ ti wú báyìí, báwo lẹ̀rọ ṣe fẹ́ gbà á?" Kó tó pa ẹnu dé, ó ti hu irùngbọ̀n àti ìwo, ó di òbúkọ. "Mẹ́ẹ̀! Nǹkan kan gbọ́dọ̀ wọ àárín ibẹ̀ lónìí. Bí ò bá ṣe ọlọ, ìwọ ni!"

Mo rí i pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbé ọlọ ìyá mi sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, mo gbàdúrà, mo dùbúlẹ̀ dípò rẹ̀.

Àwọn dáyámọ́ńdì ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá." Wọ́n wá láti ọ̀tún, wọ́n wá láti òsì. Èémí mi ń kúrú, mo sì ń retí kí n máa tàn bíi tiwọn.

Mo lajú. Ilẹ̀ ti ń mọ́. Ògiri rèé lẹ́yìn mi, ìyàwó mi rèé láyà mi, ó ti sùn fún mi mọ́ ògiri pinpin. Mo wo ara mi, n ò tàn rárá. Mo rọra fọwọ́ tọ́ ọ léjìká.

"Àwẹ̀ró, jọ̀ọ́, sún díẹ̀ sọ́hùn-ún."