Àpá Lójú Pákó Àlàájì Rídwàn

Àlàájì Rídwàn Àlàbí, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ní ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ igi kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní ìlú Ọ̀fà. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn yìí ti ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kejì ọdún 2024.

Ẹ̀rọ ìfági ni ọba ṣọ́ọ̀bù náà. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ni Àlàájì máa ń tú abẹ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí yóò pọ́n wọn, tí yóò sì fi àbẹ́là pa ojú irin tí pákó ń gbà kọjá, kí ó lè máa yọ̀. Ẹni mẹ́ta ni ó ní kọ́kọ́rọ́: òun, Taofeek àbúrò rẹ̀, àti Ògúnṣẹ̀yẹ, aládùúgbò tí ń fi ẹ̀rọ náà ṣe àpótí ìjókòó tà.

Bí Àlàájì ti ti Jímọ́ọ̀ dé, ó ti pákó kan sínú ẹ̀rọ. Àpá gígùn yọ lójú pákó náà láti orí dé ìdí. Ó tú abẹ wò. Méjì ti kán lẹ́nu.

Nínú àwọn mẹ́ta tí ó ní kọ́kọ́rọ́, Ògúnṣẹ̀yẹ nìkan ni kì í lọ Jímọ́ọ̀. Àlàájì pe gbogbo ilé jọ, ó fi abẹ tí ó kán hàn wọ́n, ó sì na ọwọ́ sí Ògúnṣẹ̀yẹ.

"Mú kọ́kọ́rọ́ mi wá."

"Àlàájì, ẹ jọ̀wọ́. Oúnjẹ ọmọ mi ni ẹ fẹ́ gbà yẹn."

"Ẹ gbà á, Ẹ̀gbọ́n," ni Taofeek wí.

Sherifat, ìyàwó Àlàájì tí wọ́n ń pè ní Ìyá Hikmat, pòṣé. "Gbogbo ọkùnrin wà ní mọ́sálásí. Àbí alángbá ni ó wá fági?"

"Ìyá Hikmat, irin ni àwọn bàbá mi ń bọ. Ṣé èmi ni n ó wá fi ìṣó kán an lẹ́nu?" ni Ògúnṣẹ̀yẹ dá a lóhùn.

Àlàájì tẹjú mọ́ ọn. "Ta ni ó sọ fún ọ pé ìṣó ni?"

"Kí ni ó tún ń kán abẹ lẹ́nu, Àlàájì? Ẹ̀bà?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àlàájì kò rẹ́rìn-ín. Bàtà ọkùnrin náà ni ó ń wò, bóyá èérún igi wà lára rẹ̀.

"Láti ọ̀sán àná tí ẹ ti pọ́n abẹ, ta ni ó sọ pé òní ni wọ́n bà á jẹ́?" ni Ògúnṣẹ̀yẹ bèèrè. "Ẹ ṣí ikùn ẹ̀rọ kí gbogbo wa rí i."

Àlàájì ṣí i, ó gbá èérún inú rẹ̀ sílẹ̀. Ààbọ̀ ìṣó kan jábọ́, ojú ibi tí abẹ ti gé e ń dán. Èépá ọ̀dà aláwọ̀ ewé tẹ̀ lé e. Pákó tuntun tí kò rí ọ̀dà rí ni Ògúnṣẹ̀yẹ fi ń ṣe àpótí.

Àlàájà Àríkẹ́, ìyá Àlàájì àti Taofeek, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú èépá náà, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Ọ̀dà fèrèsé ilé bàbá yín nìyí. Nígbà tí a wó ilé náà lóṣù tó kọjá, ẹnì kan ṣoṣo ni ó kó àwọn fèrèsé náà lọ."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí a wọlé sọ ọ́," ni Taofeek sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Ìyá arúgbó náà kò wọlé. Ó nà ró, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo agboolé lè gbọ́:

"Taofeek, ọmọ mi, ìwọ ni o ba ẹ̀rọ jẹ́."