Mọ́tò Tí Kò Gbọ́ Ẹsẹ̀ Mọ́

Ìyá ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé búútà àlùwàlá rẹ̀ kúrò nídìí ògiri ni mọ́tò wa fò lọ kọlu ògiri náà. Èmi ni mo ń wà á. Láti ẹnu ọ̀nà agbo ilé wa ní Gàmbàrí ni mo ti ń tẹ pẹ́dà iná tí mọ́tò kò dáhùn, tó kàn ń kùn. Mo ní kí n tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Ohun tí mo rí lẹ́yìn náà ni eruku lórí gíláàsì, àti ìyá tó dúró pẹ̀lú búútà lọ́wọ́, tí kò lè ṣẹ́jú.

Ọjọ́ kẹta nìyẹn tí Mùtíù, mẹkáníìkì wa ní ìtòsí Challenge, gbé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ sí mọ́tò náà, nítorí ti tẹ́lẹ̀ ti kú. Ọkọ mi, Sulaiman, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó gba ọ̀dọ̀ alága àwọn mẹkáníìkì lọ, ó ní Mùtíù fẹ́ pa ìyá òun. Alága ní kí wọ́n wọ́ mọ́tò náà wá, kí Mùtíù wá ohun tó ṣe é kí àsìkò Jímọ̀ tó tó. Bó bá jẹ́ àṣìṣe ọwọ́ rẹ̀, kó kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò láàárín wọn. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, Mùtíù ní kí n wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọlé. Ó ṣàlàyé pé kò sí okùn irin láàárín pẹ́dà àti ẹ́ńjìnnì irú mọ́tò yìí. Wáyà ni pẹ́dà fi ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á wá ṣí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí. Bí iṣẹ́ náà bá dàrú lọ́nà, ó lè má ṣí i rárá, ó sì lè ṣí i gbàgà. Ó ti pààrọ̀ ibi tí ń ṣí náà. Ó ti ha ìpẹtà ìdí áàtì, wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara mọ́tò. Gbogbo wáyà tó fọwọ́ so nígbà tó ń gbé ẹ́ńjìnnì ló ti tọ̀, kò sí èyí tó yẹ̀.

Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó dùbúlẹ̀ sínú mọ́tò, èmi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ń fi ọwọ́ kan tẹ pẹ́dà, ó ń fi èkejì mi wáyà abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó ti ṣíwọ́ lórí pẹ́dà nígbà tó fa ìdì wáyà kan. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Mo fò sẹ́yìn.

Ó pa á, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Tírà kan ló wà níbẹ̀, tí a rán sínú awọ, tí a fi wáyà tín-ín-rín dì mọ́ àwọn wáyà pẹ́dà. Wáyà tín-ín-rín náà ti gé ara méjì nínú wọn, bàbà inú wọn ń kan ara wọn.

Èmi ni mo so ó, lọ́jọ́ tí mọ́tò dé. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, a kò mọ ẹni tó kú nídìí rẹ̀. Áfáà ní kí n fi òwú so tírà náà síbi tí ojú kò tó. Mo rò pé òwú yóò já. Mo lo wáyà, mo sì fún un le.

"Ìyá Azeezah," Mùtíù rọra sọ, "ẹ̀yin ni?"

Mo fọwọ́ bo ojú. Ó tú tírà náà, ó fi í sápò.

Alága wọlé, Sulaiman tẹ̀lé e. Mùtíù ní òun ti rí i, wáyà méjì ló bó nídìí pẹ́dà. Alága bi í pé ta ló bó o. Mùtíù wolẹ̀.

"Ẹ ẹ̀ rí i, Alhaji?" Sulaiman ní. "Ọ̀gá tí kì í ṣàṣìṣe. Àbí èkúté ló fi eyín bó o?"

Mùtíù ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó sípánà rẹ̀ sínú àpótí, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń wò ó, n kò gba ojú mi gbọ́. Ọkùnrin yìí fẹ́ lọ, kí ojú má baà tì mí níwájú ọkọ mi.

"Èmi ni," mo ní. "Tírà ni mo fi wáyà so mọ́ ọn. Ó wà lápò Mùtíù. Ó ń bo àṣírí mi ni."

Alága ní kí Mùtíù dá sípánà rẹ̀ padà síbi tó wà.

Sulaiman jókòó sórí táyà àlòkù kan. "Ò bá ti pa ìyá mi," ó ní. Kò pariwo rẹ̀. Ì bá sàn kó pariwo. Ó dìde, ó lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú Mùtíù, ó ń bẹ̀ ẹ́. Mo ṣì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.