Ibi Tí Mo Ti Ń Mí

Láti ọjọ́ tí Ọ̀gá ti sọ pé òun fẹ́ fẹ̀yìn tì ni ìdí mi ò ti gba àga mọ́. Bí mo bá jókòó báyìí, mo ti dìde. Kí n tó jẹun àárọ̀ lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti nu fèrè mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ti to ìwé orin sórí tábìlì, mo ti kó o kúrò, mo tún ti tò ó padà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo aboyún tí ìrọbí mú. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni wọ́n, bí wọ́n ṣe ń wo gbogbo ayé nìyẹn.

"Ṣé wàá jókòó ni, àbí kí n wá okùn dè ẹ́ mọ́ àga?"

"Ẹ jẹ́ kí n dúró, ẹ̀gbọ́n mi. Tí mo bá wà lórí ìdúró ni mo máa ń ronú dáadáa."

"Ìwọ? Ronú kẹ̀? Ìrìn lásán lò ń rìn. Wò ó, o ti fẹ́ lu kápẹ́ẹ̀tì mi já."

Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ilé wọn, nítorí náà mi ò lè fèsì bó ṣe wù mí. Mo kàn gbé fèrè sẹ́nu ni.

Fèrè ni iṣẹ́ mi. Mo wà nínú ọ̀kẹ́sírà ìlú wa, àádọ́rin èèyàn tí wọ́n ń wo ìwé kọ orin tí àwọn tó kọ ọ́ ti kú tipẹ́, tí olùdarí kan sì dúró níwájú pẹ̀lú igi pẹ́ńpẹ́ lọ́wọ́. Fèrè méjì ló wà láàárín wa. Nígbà tí gbogbo gbọ̀ngàn bá pa lọ́lọ́ tí ohùn kan ṣoṣo bá jáde, fèrè kìíní nìyẹn. Òun ni olùdarí máa ń nawọ́ sí pé kó dìde kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Fèrè kejì ló máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi ni fèrè kejì, láti ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Àwọn onífayolíìnì, tí wọn ò níṣẹ́ méjì ju yẹ̀yẹ́ lọ, máa ń pè mí ní ìyàwó kejì. Wọ́n á ní ìyàwó kejì tiẹ̀ sàn, ọkọ a máa rántí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń dùn mí.

Ọ̀gá ni fèrè kìíní. Èèyàn dáadáa ni, ó mọ iṣẹ́ dójú àmì, àmọ́ láti bí ọdún mẹ́wàá ni èémí rẹ̀ ò ti tó nǹkan mọ́. Orin kan wà tí a máa ń fọn ní gbogbo ọdún, ìlà tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Ohùn mọ́kànlá ló wà nínú ìlà náà, àwa méjèèjì la jọ ń fọn ọ́n. Ẹ̀yìn ohùn keje ló yẹ kí èèyàn ti mí, torí pé ibẹ̀ ni orin fúnra rẹ̀ ti sinmi díẹ̀. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá ti ń mí. Bí èmi náà bá mí níbẹ̀, ohùn á dá, àwọn èèyàn á sì gbọ́ ihò. Nítorí náà ẹ̀yìn ohùn kẹrin ni mo ti máa ń já èémí gbà kíá, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti fetí sí mi. Tó bá wá di ohùn keje, tí Ọ̀gá ń mí bí ẹni tó sáré gun àtẹ̀gùn, èmi á gbé ohùn náà dúró fún un. Gbogbo gbọ̀ngàn á máa rò pé ẹyọ ọkùnrin kan ló ní irú èémí báyẹn. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, Ọ̀gá á dìde, á tẹrí ba.

Kò fẹnu bẹ̀ mí rí. Kò sì fẹnu dúpẹ́ rí.

Àga rẹ̀ ló ṣófo báyìí. Mo fẹ́ ẹ, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Mo fẹ́ ẹ débi pé mi ò lè sùn. Ẹni tó bá jókòó sórí àga yẹn, ó di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì kó tó dìde. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta sì ni mí. Bí wọ́n bá gbé e fún ọ̀dọ́ kan, ó parí fún mi nìyẹn, abẹ́ ẹlòmíì ni màá wà títí eyín mi á fi ká. Ìlà gígùn yìí gan-an ni wọ́n ní kí gbogbo wa fọn níbi ìdánwò tí wọ́n máa fi yan ẹni tó máa gba àga náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo rí i nínú lẹ́tà. Ta ló tún mọ ìlà yẹn jù mí lọ?

Mo fọn ọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n pa iná ìdáná, wọ́n ká apá lé àyà, wọ́n sì gbọ́ ọ tán.

"Ó dùn," ni wọ́n wí. "Àmọ́ ibi tí o ti mí yẹn ò bá mi lára mu."

"Ibo?"

"Àárín yẹn. Bí ìgbà tí èèyàn ń pe orúkọ ẹnì kan tó wá dúró gbé itọ́ mì kó tó pe ìyókù."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa gbẹ̀bí yín. Mo ti ń fọn ìlà yẹn kí ẹ tó ra sítóòfù yìí."

"Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n èémí niṣẹ́ tèmi náà o. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fáwọn èèyàn ibi tí wọn á ti mí."

Mo yọ ṣùtì, mo kó fèrè sápò, mo jáde wákàtí méjì ṣáájú àsìkò. Kò sóhun tí mo fẹ́ fi wákàtí méjì yẹn ṣe. Ilé ni mi ò lè dúró sí mọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ìdánwò wa le. Wọ́n á ta aṣọ dúdú láti òkè àjà dé ilẹ̀, àwọn adájọ́ márùn-ún á jókòó lọ́hùn-ún, ìwọ á wà níhìn-ín, kí wọ́n má baà mọ̀ bóyá ọkùnrin ni ẹ́ tàbí obìnrin, bóyá ọmọ ta ni ẹ́. O ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. O ò gbọ́dọ̀ wúkọ́. Wàá bọ́ bàtà sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí wọ́n má baà dá ìró ẹsẹ̀ rẹ mọ̀. Obìnrin kan láti ọ́fíìsì ló máa jókòó tì ẹ́, òun láá máa gbẹnu sọ fún ẹ. Òfin kan sì tún wà: adájọ́ tó bá dá ẹni tó ń fọn fèrè mọ̀ gbọ́dọ̀ gbé pẹ́ńsùlù rẹ̀ sílẹ̀, kò sì ní í dìbò lórí ẹni náà.

Ọ̀gá wà lára àwọn márùn-ún. Èyí ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀. Mo rò ó pé kò ní í mọ̀ pé èmi ni, síbẹ̀ etí rẹ̀ á fẹ́ràn ohùn mi, torí pé ohùn yẹn ló ti wà lábẹ́ tirẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Nọ́ńbà kẹjọ ni mo fà nínú àpò. Àwọn tó kù jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré débi pé mo lè bí wọn. Ọmọbìnrin kan tí ìka rẹ̀ gùn ń fi bébà sìgá fa omi itọ́ kúrò lábẹ́ ìdérí ihò fèrè rẹ̀. Ó kí mi dáadáa, mi ò jẹ́ kó kí mi tán tí mo fi kọjá. Mo rìn dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rìn padà, mo ka táìsì ilẹ̀, mo tún un kà.

Nígbà tí wọ́n pè mí, mo wọlé láìwọ bàtà. Mo fọn àwọn orin ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n jáde bí mo ṣe fẹ́. Mo wá dé ìlà gígùn yẹn. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò fọn ọ́n dáadáa tó báyẹn rí láyé mi.

Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn aṣọ. Obìnrin ọ́fíìsì náà lọ síbẹ̀, ó sì padà wá.

"Ẹni kẹjọ, wọ́n ní kí ẹ tún ìlà tó kẹ́yìn fọn."

Inú mi dùn, orí mi wú. Mo wí lọ́kàn ara mi pé ó dùn mọ́ wọn ni wọ́n ṣe fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fọn ọ́n bí mo ṣe fọn ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, kò sí ìyàtọ̀ bíńtín. Bí mo ṣe parí, mo gbọ́ ìró kékeré kan lórí tábìlì lẹ́yìn aṣọ. Ẹnì kan gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀.

Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Nọ́ńbà kọkànlá nìkan ló wà níbẹ̀. Mo kà á bí ẹni tí nọ́ńbà tirẹ̀ lè wà lẹ́yìn ìwé, mo tiẹ̀ ṣí i wò. Ọmọbìnrin tí ìka rẹ̀ gùn yẹn bú sẹ́kún ayọ̀. Èmi wọ bàtà mi, ẹsẹ̀ òsì bọ́ sí ti ọ̀tún, mo tún un wọ̀.

Ọ̀gá bá mi lórí àtẹ̀gùn. Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń mí gúlegúle.

"Mo dá ẹ mọ̀," ló wí.

"Ẹ dá mi mọ̀? Báwo lẹ ṣe dá mi mọ̀, sà? Mi ò sọ̀rọ̀, mi ò wọ bàtà."

"Ẹ̀yìn ohùn kẹrin lo ti mí." Ó wo ilẹ̀. "Kò sẹ́lòmíì láyé yìí tó ń mí níbẹ̀. Àwọn adájọ́ tó kù ní kí ló ṣe ẹni yìí, tó gé orin sí méjì. Èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kí o tún un fọn. Mo rò pé wàá gbọ́ ara rẹ. O tún mí síbẹ̀ gan-an."

Mo fọn ìlà náà lọ́kàn mi lórí àtẹ̀gùn níbẹ̀. Ohùn kìíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, àyà mi sì gba èémí sínú láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ sọ mí di báyìí," mo wí. Mi ò fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. "Nítorí yín ni mo ṣe ń mí níbẹ̀. Ọdún mẹ́wàá, Ọ̀gá! Ẹ ò sì lè dìbò fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Òfin ni."

"Mo mọ̀ pé òfin ni!"

Ó fẹ́ fọwọ́ kàn mí léjìká, mo yẹra. Inú ń bí mi sí i, inú ń bí mi sí ara mi, ojú sì ń tì mí nítorí ẹ̀gbọ́n mi tó ti sọ ọ́ láàárọ̀. Nígbà tí mo délé, wọ́n wo ojú mi. Wọ́n bu oúnjẹ fún mi, wọ́n jẹ́ kí n máa rìn yí tábìlì po. Wọn ò tiẹ̀ dárúkọ kápẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ Ajé kejì ni ọmọbìnrin náà jókòó sórí àga Ọ̀gá. Ó kí mi ní "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí," mo dá a lóhùn látẹnu lásán. Mo ti pinnu láti ilé. Nígbà tí ìdánrawò dé ìlà gígùn yẹn, mo gbọ́ ọ tí ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, ẹ̀rù ti jẹ èémí rẹ̀ tán. Mo fọn kọjá ohùn kẹrin láìmí. Ó di ohùn keje, ó mí, èmi náà sì mí.

Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ihò náà. Olùdarí sọ igi rẹ̀ kalẹ̀.

"Fèrè kejì, ibo lẹ lọ?"

"Mi ò lọ síbì kankan, sà. Mo mí ni."

Àwọn onífayolíìnì yíjú padà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Olùdarí ní ká sinmi ìṣẹ́jú kan, ó ń wá ojú ìwé rẹ̀. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ de ọmọbìnrin náà, bó bá fi ojú burúkú wò mí báyìí, a jọ máa fà á. Kò wò mí bẹ́ẹ̀. Ó fa ìwé orin súnmọ́ àárín àwa méjèèjì, ó na pẹ́ńsùlù sí mi.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Níbo lẹ fẹ́ mí, kí èmi lè mí síbòmíì?"

Mo gba pẹ́ńsùlù náà. Mo wo ìlà yẹn láti ohùn kìíní dé ìkọkànlá, mo tún wò ó láti ẹ̀yìn wá. Olùdarí ti kan igi rẹ̀ mọ́ tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, àádọ́rin èèyàn ń dúró dè mí, mi ò sì tíì mọ ibi tí mo fẹ́ fàmì sí.