Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ni Méjì ti Tíṣà Ayẹni

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Olúṣẹ̀yẹ Ayẹni fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní kẹ́místìrì kó tó fẹ̀yìn tì sí Bódìjà, kò sì sí ọjọ́ kan nínú gbogbo ọdún náà tó fọwọ́ kan iná tí wọ́n fi ń jó irin. Ó yẹ kó rántí èyí. Kò rántí.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ ni pé dókítà ní kí òun àti Bọ́láwùmí ìyàwó rẹ̀ máa ṣe eré ìdárayá. Ayẹni mọ kẹ̀kẹ́ gùn, ṣùgbọ́n Bọ́láwùmí kò lè dá gùn ún. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ kejì sókè, ó di ilẹ̀. Ni bàbá bá jókòó, ó ronú, ó ní òun yóò so kẹ̀kẹ́ méjì pọ̀ di ọ̀kan, kí òun wà níwájú, kí ìyàwó òun wà lẹ́yìn, kí àwọn jọ máa wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn débi pé kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó mú ayùn irin, ó gé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tuntun tí Ọdúnayọ̀ ọmọ wọn fi ránṣẹ́ láti Kánádà, ó gé iwájú ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Láàárín wákàtí méjì, ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ méjì tó dára kò ní ẹyọ kan mọ́.

Ó kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò, ó di ọ̀dọ̀ Lateefat, obìnrin wẹ́dà tó ń ṣe géètì àti fèrèsé onírin ní Agbowó.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé ọkọ̀ ló gbá a ni?"

"Rárá o. Èmi ni mo gé e."

Lateefat wò ó. Ó mú òòfà kan tó yọ lára sípíkà tó ti bàjẹ́, ó fi kan ògbólógbòó kẹ̀kẹ́, ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Ó fi kan ti Kánádà, òòfà já bọ́ sílẹ̀.

"Bàbá, irin lèyí. Álúmíníọ̀mù ni tọ̀hún. Wọn ò lè jó pọ̀."

"Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu, ọmọ mi. Mo mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí. Ṣáà jẹ́ kí iná rẹ mú dáadáa."

Lateefat wọ gíláàsì rẹ̀, ó tan iná gáàsì, ó dojú rẹ̀ kọ ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ ni álúmíníọ̀mù ti rọ̀ bí ògì, tó ń kán sórí sìmẹ́ńtì.

"Iṣẹ́ wo lẹ ṣe kẹ́ ẹ tó fẹ̀yìn tì, sà?"

Ayẹni fẹ́ sọ pé tíṣà Yorùbá lòun. "Kẹ́místìrì ni mo kọ́ wọn," ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì kéré. Ó ń rí pátákó ìkọ̀wé rẹ̀ lójú inú: álúmíníọ̀mù, ẹgbẹ̀ta dígíríì ó lé ọgọ́ta ni yóò fi yọ́, irin, ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Ó tiẹ̀ ti na àwọn ọmọ mẹ́ta rí nítorí pé wọn ò rántí.

Ẹni tó gbọ́n ì bá dúró níbẹ̀. Lateefat gbà á nímọ̀ràn pé kó wá iwájú kẹ̀kẹ́ onírin mìíràn wá, òun á bá a jó irin mọ́ irin. Ṣùgbọ́n ojú ti bàbá, ìtìjú náà sì di agídí. Ó ra gọ́ọ̀mù líle kan tí wọ́n ń po méjì pọ̀, ó fi lẹ̀ ẹ́, ó fi wáyà dì í, ó kùn ún ní ọ̀dà búlúù kí ojú ibi tó so má baà hàn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Bọ́láwùmí wé gèlè, ó gbé Bíbélì sínú báàgì, ó gun ẹ̀yìn.

"Bàbá Ọdúnayọ̀, ṣé ó dá yín lójú?"

"Sáyẹ́ǹsì ni."

Sáyẹ́ǹsì gbé wọn dé iwájú ilé kẹrin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ "káú!" Àárín kẹ̀kẹ́ wọlẹ̀, ó pín sí méjì. Bọ́láwùmí rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gèlè ò tiẹ̀ yẹ̀. Ayẹni sáré díẹ̀ síwájú, ìdajì kẹ̀kẹ́ wà láàárín itan rẹ̀, ó ń fún bíréèkì mọ́wọ́ pinpin, bẹ́ẹ̀ táyà tí bíréèkì náà ń mú ti wà lẹ́yìn lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

Bọ́láwùmí ò bínú. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, èyí sì dun Ayẹni ju kó bínú lọ. Nígbà tó yá, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ìsìn parí, Ayẹni fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ròyìn ọ̀rọ̀ náà fáwọn ẹgbẹ́ ọkùnrin, kí ẹlòmíràn má baà sọ ọ́ dùn jù ú lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ra iwájú àlòkù kẹ̀kẹ́ onírin ní Àpáta, ó gbé e lọ sí Agbowó. Lateefat fi òòfà kàn án, ó lẹ̀. Kò fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ki páìpù kékeré bọ inú àwọn méjèèjì kó lè lágbára, ó sì jó o yíká.

Nígbà tí wọ́n wá gbé e, Bọ́láwùmí ní àfi kí wẹ́dà kọ́kọ́ gbé òun wò. Lateefat gun iwájú, Bọ́láwùmí gun ẹ̀yìn, wọ́n yípo iwájú ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ń pariwo ẹ̀rín, Ayẹni sì dúró, ó gbé báàgì ìyàwó rẹ̀ dání.

Lẹ́yìn náà ni tọkọtaya wá forí lé ilé. Kẹ̀kẹ́ dúró ṣinṣin. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi máa wọ Bódìjà, òógùn ti bo Ayẹni, itan rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó yíjú wẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò lórí pẹ́dàlì, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ẹ má wẹ̀yìn," ni Bọ́láwùmí wí. "Ẹ wo títì."