Àwọn Òkú Tí Ìwé Ìròyìn Kò Kà

Gbádérọ̀ ti wa ilẹ̀ náà dé ìbàdí kí oòrùn tó yọ. Ọwọ́ akọ̀wé ni ọwọ́ rẹ̀. Ó ti bó, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. Òun àti Àjàmú nìkan ló wà nínú igbó lẹ́yìn ojú irin ní Dùgbẹ̀. Olúdọ̀tun, ọmọ Àjàmú, wà nínú ẹní tí wọ́n fi dì í. Ilẹ̀ gbígbóná, àrùn ṣọ̀pọ̀ná, ló mú un lọ. Nínú gbogbo ilé tí wọ́n jọ ń gbé, Gbádérọ̀ nìkan ló gbà láti tẹ̀ lé baba ọmọ náà, nítorí wọ́n ti bupá fún òun nílé ìwé, àrùn náà kò sì lè ràn án mọ́.

Ó ní ìdí mìíràn. Òun ló ka ìwé ìròyìn sí etí gbogbo ilé lóṣù tó kọjá, pé nínú mẹ́wàá tí ilẹ̀ gbígbóná pa, méje ló ti bupá. Àjàmú gbọ́, ó gbé ọmọ rẹ̀ pamọ́ nígbà tí àwọn abupá dé. Gbádérọ̀ náà gbé Túnráyọ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, pamọ́.

"Akọ̀wé, rọra. Ṣé o fẹ́ wa ilẹ̀ dé Èkó ni?"

Gbádérọ̀ ní, "Bàbá Dọ̀tun, ẹ ò ní fi tó wolé-wolé ìjọba létí?"

"Kí wọ́n lè wá jó ẹrù mi? A kì í sunkún ẹni tí Ọba-lú-ayé bá mú lọ, a kì í pariwo rẹ̀. Ọpẹ́ là ń dá. Mùsílímátù aládùúgbò wa sin ọmọ méjì, ta ló sọ fún? Bíríkìlà ilé kejì tó sin ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?"

Gbádérọ̀ fi ṣọ́bìrì gúnlẹ̀. "Ṣé wọ́n ti bupá, àwọn yẹn?"

"Àwọn wo? Àwọn tó ń sá fún abẹ́ abupá bí ewúrẹ́ ṣe ń sá fún òjò!"

"Ta ló wá kà wọ́n?"

"Ìwọ tí o mọ ìwé ni kí o sọ fún mi."

Ọsibítù nìkan ni oníwèé ìròyìn ti lọ ka òkú. Ẹni tó gbà kí wọ́n bupá fún òun náà ló ń gbà lọ sí ọsibítù. Ẹni tó kọ̀, inú igbó bí èyí ló ń sùn sí, kò sì sí ẹni tó ń wá a débẹ̀. Méje nínú mẹ́wàá! Mẹ́wàá wo? Kò bi ara rẹ̀ léèrè lọ́jọ́ náà. Ó kàn gbóhùn sókè ni, bí ẹni ń ka Bíbélì. Títí di ìjẹta, Túnráyọ̀ àti Dọ̀tun ṣì jọ ń ṣeré lórí ẹní kan náà.

"Bàbá Dọ̀tun, ìwé ìròyìn yẹn…"

"Má sọ ọ́." Àjàmú kò wo ojú rẹ̀. "Ọmọ kò ní jí. Gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mú."

Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n bò ó, wọ́n tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀, wọ́n da ewé lé e. "A dúpẹ́," ni Àjàmú wí.

Gbádérọ̀ fi ṣọ́bìrì sílẹ̀ fún un. Ó wẹ̀ nínú odò, ó fi yanrìn fọ apá rẹ̀ títí ó fi pọ́n. Àwọn abupá yóò ti tẹ́ tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ ọjà báyìí. Ó sọdá ojú irin, ó ń sáré lọ gbé Túnráyọ̀ wá kí wọ́n bupá fún un.